Ẹ jẹ́ kí ìpolówó oògùn orúnkún máa sọ ohun tó wà nínú ìgò

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ọ̀rọ̀ ìpolówó àwọn oògùn tí wọ́n ní eegun rírọ̀ ẹran ni wọ́n fi ṣe ló mú wa kọ̀wé yìí. Wọ́n pọ̀ nínú ìwé ìròyìn, wọ́n pọ̀ lórí rédíò, ti orí WhatsApp kò tilẹ̀ lóǹkà. Wọ́n ní oògùn náà ń tún orúnkún hù, ó ń lé làkúrègbé lọ, ẹni tó bá lò ó yóò ju ọ̀pá nù. Wọn kì í sọ ẹran tí wọ́n ti yọ ọ́, wọn kì í sì í sọ iye mìlígíráàmù tó wà nínú hóró kan. Ohun méjèèjì yìí gan-an ni ẹni tó fẹ́ rà á nílò jù lọ. Ẹ̀bẹ̀ wa ni pé kí ẹ máa béèrè wọn lọ́wọ́ olùpolówó kí ẹ tó gba owó rẹ̀.

Apòògùn ni wá. A kì í ṣe ọ̀tá àfikún oúnjẹ, a máa ń tà á. Ohun tí a kò fẹ́ ni kí ènìyàn fi owó oṣù mẹ́ta ra ohun tí kò mọ̀, kó sì tún jáwọ́ nínú oògùn tí dókítà fún un nítorí rẹ̀.

Eegun rírọ̀ tí à ń sọ yìí ni àwọn ènìyàn ń pè ní bískíìtì bóònù nídìí ẹran. Nínú orúnkún, òun ló bo orí àwọn eegun tó pàdé kí wọ́n má baà máa ha ara wọn. Kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀, nítorí náà bó bá ti jẹ, kì í sàn bí ọgbẹ́ awọ ara ṣe ń sàn. Inú omi tó wà láàárín oríkèé ló ti ń rí oúnjẹ fà, ìrìn sì ló ń ti omi náà wọ inú rẹ̀. Ẹni tó bá jókòó sójú kan nítorí pé orúnkún ń dùn ún ń fi ebi pa eegun rírọ̀ náà ni. Bákan náà, kò ní iṣan ìmọ̀lára. Ìyẹn ni pé òun fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń dunni: eegun tó wà lábẹ́ rẹ̀ àti awọ tó bo inú oríkèé ni ìrora ti ń wá. Nítorí náà, kí oògùn dín ìrora kù jẹ́ ọ̀rọ̀ kan, kó hu eegun rírọ̀ tuntun sì jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Kò tíì sí hóró kankan tí à ń gbé mì tí ìwádìí fi hàn pé ó hu eegun rírọ̀ padà sí orúnkún tó ti jẹ. Olùpolówó tó bá ní tòun ń ṣe é, irọ́ ló ń pa, a kò sì rí ọ̀nà tí a fi lè sọ ọ́ lẹ́lẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí ló wà nínú àwọn ìgò yìí gan-an? Ohun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, bẹ́ẹ̀ orúkọ kan ni gbogbo wọn ń jẹ́ lẹ́nu àwọn tó ń tà á.

Chondroitin sulfate, èròjà kan tó wà nínú eegun rírọ̀, ni ti àkọ́kọ́. Inú gògóńgò màlúù ni wọ́n ti ń yọ èyí tó pọ̀ jù, wọ́n sì tún ń yọ ọ́ láti ara ẹlẹ́dẹ̀, adìẹ àti ẹja shark. Òṣùwọ̀n tí àwọn olùwádìí ń lò jẹ́ 800 sí 1,200 mìlígíráàmù lójúmọ́. Glucosamine ni wọ́n sábà máa ń so mọ́ ọn, 1,500 mìlígíráàmù lójúmọ́, ṣùgbọ́n glucosamine inú ìgò kì í sábà wá láti ara eegun rírọ̀ rárá: èépá akàn àti edé ni wọ́n ń sè jáde. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ èyí, ó sì ṣe pàtàkì fún ẹni tí ara rẹ̀ kò gba edé.

Collagen, èròjà tó ń di awọ, eegun àti eegun rírọ̀ mú, ni ọ̀rọ̀ ti máa ń dàrú jù. Oríṣi méjì ni wọ́n ń tà, iṣẹ́ wọn kò sì jọra. Ọ̀kan ni èyí tí wọ́n ti gé wẹ́wẹ́ di ìyẹ̀fun, tí wọ́n ń kọ "hydrolysed" tàbí "peptides" sí lára. Awọ màlúù, awọ ẹja àti eegun ni wọ́n sábà fi ń ṣe é. Nǹkan bíi gíráàmù 10 lójúmọ́ ni wọ́n ń lò nínú ọ̀pọ̀ ìwádìí, nítorí oúnjẹ lásán ni, ikùn yóò lọ̀ ọ́ bó ṣe ń lọ ẹran àti ẹ̀wà. Èkejì ni "undenatured type II", tí wọ́n ń yọ láti ara eegun rírọ̀ igbá àyà adìẹ, láìfi iná bà á jẹ́. 40 mìlígíráàmù péré ni ti òun lójúmọ́. Kì í ṣe pé ó fẹ́ di èròjà orúnkún. Èrò àwọn tó gbé e jáde ni pé bí àwọn ọmọ ogun ara tó wà lára ìfun bá ń rí i díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, wọn yóò mọ̀ ọ́n lójú, wọn kò sì ní máa gbógun ti irú rẹ̀ tó wà nínú oríkèé. Nítorí náà, bí o bá pò ó mọ́ tíì gbígbóná, o ti ba ohun tó fi yàtọ̀ jẹ́.

Ẹ wo òṣùwọ̀n méjèèjì yẹn dáadáa. Gíráàmù 10 jẹ́ 10,000 mìlígíráàmù, ìlọ́po 250 ti 40. Bí ìgò bá wá kọ "collagen 500 mg" láìsọ irú rẹ̀, ó kéré púpọ̀ sí ti ìyẹ̀fun, kò sì sí ẹ̀rí pé irú ti adìẹ ni. Irú ìgò bẹ́ẹ̀ pọ̀ lórí àtẹ.

Eegun rírọ̀ ẹja shark tí wọ́n lọ̀ ní ìyẹ̀fun náà wà níbẹ̀. Oògùn jẹjẹrẹ ni wọ́n kọ́kọ́ fi pè é ní Amẹ́ríkà, wọ́n ní ẹja náà kì í ní jẹjẹrẹ. Ẹja shark ń ní jẹjẹrẹ. Ẹ má fowó ṣòfò síbẹ̀.

Ṣé wọ́n ń ṣiṣẹ́? Nínú oṣù kejì ọdún 2006, àbájáde ìwádìí kan tí ìjọba Amẹ́ríkà náwó sí jáde. Ènìyàn 1,583 tí orúnkún ń dùn ni wọ́n kó jọ, wọ́n sì pín wọn sí ọ̀nà márùn-ún fún ọ̀sẹ̀ 24: àwọn kan gba glucosamine, àwọn kan gba chondroitin, àwọn kan gba méjèèjì pọ̀, àwọn kan gba celecoxib, tó jẹ́ oògùn apàrora, àwọn tó kù gba hóró òfìfo tí kò sí oògùn kankan nínú rẹ̀, láìmọ̀. Ẹni tí ìrora rẹ̀ bá dín kù ní ìdá kan nínú márùn-ún ni wọ́n kà sí ẹni tó rí ìtura. Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó gba méjèèjì pọ̀, nǹkan bíi 67 rí ìtura. Àwọn tó gba celecoxib jẹ́ 70. Àwọn tó gba hóró òfìfo ńkọ́? 60.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí 60 yẹn, nítorí òun ló tú àṣírí gbogbo "ẹ̀rí àwọn oníbàárà wa" tó ń jáde nínú ìpolówó. Ìrora oríkèé kì í dúró sójú kan. Ó ń le, ó ń rọ̀. Ìgbà tó bá le jù ni ènìyàn ń lọ ra oògùn, bó bá sì rọ̀ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, oògùn náà ni yóò gba ọpẹ́. Àwọn tó ń jẹ́rìí lórí rédíò lè má purọ́ rárá. Ẹ̀rí wọn kàn kò lè fi ìyàtọ̀ hàn láàárín oògùn àti hóró òfìfo.

Nínú ìwádìí yẹn kan náà, àwọn tí ìrora wọn le gan-an jàǹfààní jù: 79 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gba méjèèjì pọ̀, sí 54 àwọn tó gba òfìfo. Ṣùgbọ́n wọn kò pọ̀, àwọn olùwádìí fúnra wọn sì ní ó yẹ kí wọ́n tún un wò. Lọ́dún 2010, àwọn mìíràn kó ìwádìí 10 jọ, ènìyàn 3,803, wọ́n sì rí i pé ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn hóró wọ̀nyí àti òfìfo kò tó èyí tí aláìsàn yóò fura sí. Lọ́dún 2019, ẹgbẹ́ àwọn dókítà oríkèé ní Amẹ́ríkà sọ pé kí àwọn dókítà má ṣe fún aláìsàn ní glucosamine tàbí chondroitin fún orúnkún tàbí ìbàdí. Fún oríkèé ìka ọwọ́ nìkan ni wọ́n fi ààyè díẹ̀ sílẹ̀ fún chondroitin. Ní Yúróòpù, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwádìí kan láti Bẹ́ljíọ̀mù tó jáde lọ́dún 2001 fi ọdún mẹ́ta wo ènìyàn 212, ó sì sọ pé glucosamine sulfate dín bí àlàfo oríkèé ṣe ń fún pọ̀ kù, èyí tó jẹ́ àmì pé eegun rírọ̀ ń jẹ. Ti collagen adìẹ, ìwádìí ọdún 2016 kan lórí ènìyàn 191 fún 180 ọjọ́ fi hàn pé 40 mìlígíráàmù rẹ̀ ṣe dáadáa ju òfìfo lọ, ó tilẹ̀ ṣe dáadáa ju glucosamine àti chondroitin lọ. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe é ló náwó sí ìwádìí náà. Kò túmọ̀ sí pé irọ́ ni, ṣùgbọ́n a fẹ́ kí ẹlòmíràn tí kò ní ọjà lórí àtẹ náà tún un ṣe.

Ẹni tí àwọn ọmọ ogun ara rẹ̀ ló ń ba oríkèé rẹ̀ jẹ́, tí ọwọ́ méjèèjì ń wú, tó ń le láàárọ̀ fún wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àìsàn tirẹ̀ yàtọ̀. Wọ́n dán collagen adìẹ wò fún irú rẹ̀ lọ́dún 1993 lára ènìyàn 60, inú gbogbo ayé dùn. Nígbà tí wọ́n tún un dán wò lára 274 lọ́dún 1998, nínú òṣùwọ̀n mẹ́rin tí wọ́n lò, èyí tó kéré jù nìkan ló ṣe díẹ̀. Irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ tó bá tìtorí ìgò kan jáwọ́ nínú methotrexate, oògùn tí dókítà ń fún un láti dá àìsàn náà dúró, ìka ọwọ́ rẹ̀ lè wọ́ pátápátá.

Èrò tiwa nìyí: fún orúnkún tàbí ìka ọwọ́ tó ń jẹ nítorí ọjọ́ orí, ẹni tó lówó tó sì fẹ́ gbìyànjú lè gbìyànjú. Ṣùgbọ́n kó ṣe é bí ẹni tó ń wọn nǹkan.

Ẹ̀yìn ìgò ni kó kọ́kọ́ kà. Ojú ìgò lè kọ 1,500 gàdàgbà, kí ẹ̀yìn rẹ̀ sì sọ pé hóró mẹ́ta ló pé iye yẹn. Ìgò oníhóró 60 yóò wá tán lọ́jọ́ 20, kì í ṣe oṣù méjì. Iye owó ọjọ́ kan ni kó fi ṣe ìfiwéra láàárín ìgò àti ìgò, kó má wo iye owó ìgò. Bí ó bá rí "proprietary blend", tí wọ́n da èròjà mẹ́jọ pọ̀ lábẹ́ iye kan ṣoṣo, kó gbé e kalẹ̀: kò sí ẹni tó lè mọ iye chondroitin tó wà níbẹ̀. Ti glucosamine sulfate, kó wò bóyá wọ́n kọ 2KCl tàbí 2NaCl sí i. Iyọ̀ ni, òun ni wọ́n fi ń mú kó dúró. Nínú 1,500 mìlígíráàmù èyí tó ní 2KCl, nǹkan bíi 1,130 ni glucosamine sulfate. Ìyókù iyọ̀ ni. Èyí tó ní 2NaCl yóò fi nǹkan bíi 120 mìlígíráàmù sodium kún ti inú ọbẹ̀ lójúmọ́, ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru sì gbọ́dọ̀ kà á mọ́ iyọ̀ rẹ̀. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò dá ṣáṣá kò gbọdọ̀ lo èyí tó ní KCl láìbéèrè lọ́wọ́ dókítà.

Chondroitin wọ́n, ohun tó bá sì wọ́n ni wọ́n ń bu omi là. Ọ̀nà àyẹ̀wò àtijọ́ kan wà tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń lò tí kò lè mọ ìyàtọ̀ láàárín chondroitin àti àwọn èròjà olówó pọ́ọ́kú mìíràn tó jọ ọ́ nínú omi. Nítorí náà, ilé-iṣẹ́ tó bá lè fi ìwé àyẹ̀wò ọjà rẹ̀ hàn la fi ń ṣáájú. Nọ́ńbà NAFDAC ṣe pàtàkì, ó sì yẹ kí ẹ wá a nínú àkójọ Greenbook wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ rí i pé orúkọ tó wà níbẹ̀ bá ti ara ìgò mu. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà náà kò sọ pé àjọ náà ti yẹ ìlérí ìwòsàn inú ìpolówó wò.

Kí oníbàárà wa tó lo hóró àkọ́kọ́, kó kọ nǹkan méjì sílẹ̀: ìrora nígbà tó bá ń gun àtẹ̀gùn, láti 0 dé 10, àti iye hóró apàrora tó ń lò lọ́sẹ̀. Kó máa kọ wọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 12. Kó má fi nǹkan tuntun mìíràn kún un lásìkò yẹn, ì báà jẹ́ àgbo tàbí òróró ìpara, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn oúnjẹ ni kó máa lo glucosamine, nítorí ó lè rú inú. Bí nọ́ńbà kò bá wálẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 12, kó jáwọ́. Olùtajà yóò sọ pé ó kù díẹ̀, pé "ó ń fọ ìdọ̀tí jáde ni". Kó má dá a lóhùn.

Àwọn kan wà tí kò yẹ kó gbìyànjú rẹ̀ láìbéèrè. Ẹni tó ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ni àkọ́kọ́: glucosamine lè mú kí ẹ̀jẹ̀ túbọ̀ ṣàn jù, ó ti ṣẹlẹ̀. Ẹni tí edé tàbí akàn ń wú lójú. Ẹni tí ẹyin tàbí adìẹ ń bá jà, ti collagen adìẹ. Alátọ̀gbẹ lè lò ó, ṣùgbọ́n kó máa wo ṣúgà rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́. Aláboyún àti abiyamọ, kí wọ́n fi sílẹ̀. Àwọn Mùsùlùmí tó ń bi wá léèrè gbọ́dọ̀ mọ̀ pé chondroitin lè wá láti ara ẹlẹ́dẹ̀, pé èèpo kápúsù náà lè jẹ́ ti ẹlẹ́dẹ̀. Bí ìgò kò bá sọ ọ́, ẹ kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà.

Èyí tó ń bà wá lẹ́rù jù ni oògùn tó ṣiṣẹ́ kíá. Ojúlówó chondroitin tàbí collagen, bó bá máa ṣe ohunkóhun, ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni yóò gbà. Bí ẹni tí kò lè dìde lánàá bá ń sáré lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ẹ fura. Lọ́dún 2022, àjọ FDA tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ lẹ́ẹ̀mejì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ nípa Artri King àti Artri Ajo King, tí wọ́n ń tà bí àfikún oúnjẹ fún oríkèé: wọ́n bá oògùn apàrora diclofenac àti dexamethasone, oògùn líle irú steroid, nínú wọn, kò sì sí èyí tí wọ́n kọ sára ìgò. Ènìyàn lo oògùn náà, ẹ̀dọ̀ àwọn kan bàjẹ́, àwọn kan kú. Dexamethasone ń mú ìrora lọ kíákíá, ó ń mú kí ènìyàn jẹun, ojú yóò wú rìbìtì, àwọn ènìyàn yóò sì máa kí i pé ara rẹ ti yá. Lábẹ́ ìyẹn, ṣúgà ń ga, ẹ̀jẹ̀ ń ru, eegun ń gbẹ. Diclofenac tó wà nínú rẹ̀ lè dá egbò sí inú ikùn; ìgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà ni àmì rẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe nìyí: bí wọ́n bá gbọ́ pé dexamethasone wà nínú ohun tí wọ́n ti ń lò fún oṣù mélòó kan, wọn yóò dà á nù lọ́jọ́ náà. Kò gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀. Ẹṣẹ́ kékeré tó wà lórí kíndìnrín, tó ń ṣe irú oògùn yẹn fún ara, ti sùn. Bí wọ́n bá dá a dúró lójijì, àárẹ̀, èébì, òòyì àti ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ tó já wálẹ̀ lè pa ènìyàn. Ẹ gbé ìgò náà lọ sọ́dọ̀ dókítà, òun ni yóò dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Kì í sì í ṣe gbogbo oríkèé tó ń dunni ló ń jẹ. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ tó pọ́n, tó gbóná lóru ọjọ́ kan lè jẹ́ gáùtì. Oríkèé tó wú, tó gbóná, pẹ̀lú ibà, ilé ìwòsàn ni lọ́jọ́ náà, nítorí kòkòrò lè ti wọ inú rẹ̀. Ní ilẹ̀ wa níbí, ọ̀dọ́ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS, ìyẹn sickle cell, tó bẹ̀rẹ̀ sí tiro, tí ìbàdí ń dùn, ẹ̀jẹ̀ ló sábà máa ń dẹ́kun dídé orí eegun itan rẹ̀, àwòrán X-ray ló sì nílò. Kò sí eegun rírọ̀ adìẹ tó lè ṣe nǹkan kan sí ìyẹn.

Wọ́n tún máa ń bi wá léèrè bọ̀kọ̀tọ̀ àti pọ̀nmọ́. Oúnjẹ aládùn ni. Collagen pọ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n iná ti sè é di ohun tó ń dì bí ọbẹ̀ bá tutù, ikùn yóò sì lọ̀ ọ́ bí oúnjẹ. Ẹ jẹ ẹ́ nítorí adùn.

Ohun tí ẹ̀rí rẹ̀ lágbára jù kò sí nínú ìgò. Kí ènìyàn jókòó lórí àga, kó na ẹsẹ̀ kan tààrà, kó dì í mú níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, láàárọ̀ àti lálẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kó máa dìde lórí àga láìfọwọ́ tì í. Iṣan iwájú itan tó bá le ló ń gba ẹrù lórí orúnkún. Ìwádìí ọdún 2005 kan sì fi hàn pé kílò kan tí ènìyàn bá sọ̀ kalẹ̀ ń gba nǹkan bíi kílò mẹ́rin kúrò lórí orúnkún ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Nítorí náà, Olóòtú, ìlà márùn-ún la ń béèrè pé kó wà nínú gbogbo ìpolówó irú oògùn yìí: ẹran tàbí ẹja tí wọ́n ti yọ èròjà rẹ̀, irú èròjà náà, bí ó bá jẹ́ collagen, oríṣi wo, mìlígíráàmù ọjọ́ kan, iye ọjọ́ tí ìgò kan yóò fi tó, àti àwọn tí kò gbọdọ̀ lò ó, ẹni tó ń lo warfarin ní ìbẹ̀rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ti yẹ kó wà lẹ́yìn ìgò tẹ́lẹ̀, kíkọ rẹ̀ sílẹ̀ kò ní ná olùpolówó ní kọ́bọ̀. Èyí tí kò bá lè dáhùn wọn, ẹ dá owó rẹ̀ padà.

Àwa ni tiyín,
Àwọn apòògùn mélòó kan, Ìbàdàn